Àpò Ẹ̀gẹ́ àti Omi Inú Ojú

Ẹ̀yin aládùúgbò mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà síbi tí wọ́n ti ń ṣe gààrí. Nínú àwọn abúlé tó yí Ìjẹ̀bú-Òde ká, a ò ní í rìn jìnnà ká tó rí ọ̀kan: wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ẹ̀rọ ti rin ín, wọ́n sì ti rọ ọ́ sínú àpò. Wọ́n gbé àpò lé orí igi, wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Tiwa ní Ìjẹ̀bú máa ń pẹ́ nínú àpò kó lè kan dáadáa. Ìdí nìyẹn tí gààrí wa fi ń ta lẹ́nu tí a bá fi omi tútù rẹ ẹ́. Gbogbo ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ yìí rí ló mọ̀ pé àpò ni ọ̀gá níbẹ̀. Bí ihò ara àpò bá là, omi á jáde bó ṣe yẹ. Bí sitáàṣì bá ti dì mọ́ ọn, tí ihò rẹ̀ dí, omi á dúró sínú, àpò á le gbandi bí ẹni pé ó fẹ́ bẹ́.

Ojú tí a fi ń ríran ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Omijé kọ́ ni mò ń sọ. Òde ni omijé ń ṣàn gbà. Omi mìíràn wà nínú ẹyinjú gan-an, ó mọ́ gaara bí omi òjò. Lẹ́yìn róbótó aláwọ̀ tó yí ihò dúdú àárín ojú ká ló ti ń sun, tọ̀sán-tòru, bí ìsun tí kì í gbẹ. Á gba inú ihò dúdú náà bọ́ síwájú, á gbé oúnjẹ fún àwọn apá ojú tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, á sì jẹ́ kí ẹyinjú dúró roboto, kó má rọ̀ jọwọrọ. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ jáde. Níbi tí funfun ojú ti pàdé dúdú rẹ̀, asẹ́ tín-ín-rín kan wà nínú, ó lọ yí ká; ara asẹ́ yẹn ni omi náà ń ro gbà kó tó padà sínú ẹ̀jẹ̀.

Bí èyí tó ń sun àti èyí tó ń ro bá dọ́gba, àlàáfíà wà. Àwọn dókítà ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe ń ti ojú láti inú, ìyẹn ìfúnpá ojú, láti 10 dé 21 ni wọ́n sì máa ń rí lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, asẹ́ ojú ẹlòmíràn a máa dí. Ìsun kò mọ̀ pé ọ̀nà ti há, kò dẹwọ́. Omi á wá pọ̀ ju àyè rẹ̀ lọ, ojú á máa le láti inú. Irú èyí ló wọ́pọ̀ jù lára wa nínú àìsàn tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí ìfúnpá ojú wọn kò ju 21 lọ tí àìsàn náà ṣì mú, nítorí pé ohun tó wà lẹ́yìn ojú wọn kò lágbára tó láti gba ìwọ̀nba náà mọ́ra.

Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni ìjàǹbá náà ti ń ṣẹlẹ̀. Iṣan kan so ojú mọ́ ọpọlọ. Òwú inú rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, òwú kọ̀ọ̀kan sì ń gbé ìwọ̀nba tirẹ̀ nínú ohun tí a rí lọ fún ọpọlọ. Bí ìfúnpá bá ń tẹ̀ wọ́n lójoojúmọ́, wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń gbé ìríran ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ wo aṣọ òfì ìyá àgbà tí a ká sí ìsàlẹ̀ àpótí: kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ létí, àárín tí ọnà wà ṣì ń dán, ẹni tó bá ṣí àpótí wò gààràgà á ní kò sí ohun tó ṣe aṣọ. Bẹ́ẹ̀ ni glaucoma ṣe ń jẹ ìríran. Ẹni tó ní i á ka Bíbélì tàbí Kùránì rẹ̀, á mọ owó, á dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Síbẹ̀ kò ní í rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ á máa gbá férémù ilẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa ṣi àtẹ̀gùn tẹ̀. Ọpọlọ pẹ̀lú kò jẹ́ kó fura, nítorí ó máa ń fi ohun tó wà nítòsí lẹ ibi tó ti ya. Kò dùn ún, kò yún un, ojú kò pupa, kò sepin. Ìgbà tí àárín bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, òwú tó ti lọ ti pọ̀ ju èyí tó kù lọ.

Ẹ má ṣe fi í wé cataract, èyí tó ń sọ inú ẹyinjú di funfun. Cataract dà bí gíláàsì àtùpà tí èéfín bò: dókítà á yọ gíláàsì tó ti ṣú, á fi òmíràn sí i, iná á tún mọ́lẹ̀. Ní ti glaucoma, òwú àtùpà gan-an ló ń jó tán. Ohun tó bá ti lọ kò padà. Gbogbo ìtọ́jú tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń dáàbò bò, mo sì fẹ́ kó yé wa láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń retí kí ojú tó ti lọ padà lẹ́yìn ìtọ́jú, tí kò bá wá padà, wọ́n á ní dókítà tan àwọn jẹ, wọ́n á sì pa ìtọ́jú tì.

Láàárín 2005 sí 2007, àwọn dókítà ojú kárí ilẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n yẹ ojú àwọn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè wò, ó lé ní 13,000 ènìyàn. Ní 2015 ni Fatima Kyari àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ti glaucoma jáde. Nínú ogún ènìyàn, ẹnì kan ní i. Ẹ ronú ibi ìnáwó kan nílùú wa, kí ẹ ka àwọn àgbàlagbà tó jókòó yí tábìlì méjì ká: ọ̀kan nínú wọn ni. Nínú márùn-ún tó ní i, ojú ẹnì kan ti fọ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú ọgọ́rùn-ún tó ní i, bíi mẹ́fà péré ló mọ̀ pé òun ní i. Àwọn yòókù ń jẹ, wọ́n ń jó, wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ sí Èkó lójú ọ̀nà márosẹ̀, òwú ojú wọn sì ń já.

Kí ló dé tó fi pọ̀ lára wa tó bẹ́ẹ̀? Ó ti pẹ́ tí a ti mọ̀ pé àwọn tó ṣẹ̀ wá láti ilẹ̀ Áfíríkà ló ń ní irú rẹ̀ yìí jù, pé ó ń tètè bẹ̀rẹ̀ lára wọn, pé ó sì ń le. Láti rí ìdí rẹ̀, ẹ jẹ́ ká kúrò níbi àpò, ká bọ́ sí oko ẹ̀gẹ́. Igi ẹ̀gẹ́ la ń gé gbìn. Ohun tí igi ìyá bá ní, àwọn ọmọ rẹ̀ náà á ní i: bí ó bá ń yára ta, wọ́n á yára ta, bí àrùn ewé bá mọ̀ ọ́n mú, gbogbo oko ló lè mú. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ fi máa ń béèrè ibi tí wọ́n ti gé igi kó tó gbà á. Ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá, nítorí ìdajì la ń mú lára bàbá, ìdajì lára ìyá. Síbẹ̀ ohun tí a jogún wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ó ń jẹ́ àbùdá, àwọn onímọ̀ sì ti ń kà á báyìí bí ìgbà tí a ń ka àmì ara igi.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oko Òyìnbó àti ti àwọn ará Éṣíà ni wọ́n ń wò jù. Wọ́n rí àmì púpọ̀ níbẹ̀ tó tan mọ́ glaucoma, ṣùgbọ́n àmì oko ẹlòmíràn kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú tiwa. Ohun tó yí ọ̀rọ̀ padà ti ọ̀dọ̀ wa wá pẹ̀lú. Àwọn dókítà ojú ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, tí Adeyinka Ashaye àti Olusola Olawoye wà lára wọn, dara pọ̀ mọ́ àwọn onímọ̀ ní Gánà, Gúúsù Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti àwọn ibòmíràn. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tó ní glaucoma àti àwọn tí kò ní i, gbogbo wọn jẹ́ ìran Áfíríkà, iye wọn sì jẹ́ 26,295. Ní 2019 ni ìwé ìròyìn àwọn dókítà Amẹ́ríkà, JAMA, tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: àmì kan lára àbùdá tó ń jẹ́ APBB2, tí a rí lára ìran Áfíríkà, tí a kò rí lára Òyìnbó tàbí ará Éṣíà. Àbùdá yìí tan mọ́ irú ìdọ̀tí tó máa ń kó jọ sínú ọpọlọ àwọn arúgbó tí iyè wọn ń rá, ìyẹn sì ti jẹ́ kí àwọn onímọ̀ máa béèrè bóyá irú ìdọ̀tí kan náà wà lára ohun tó ń pa òwú ojú. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Joan O'Brien ní Philadelphia tún gbé ti àwọn ènìyàn 11,275 tí wọ́n jẹ́ ìran Áfíríkà jáde, wọ́n sì rí àmì mìíràn kún un. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó sọ èdè wa wà nínú ìwé tí gbogbo ayé ń kà báyìí, inú mi sì ń dùn sí i gan-an.

Kò tíì sí ẹni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ yín lọ́la ní Ìjẹ̀bú-Òde kó sọ fún yín pé ojú yín yóò bàjẹ́ tàbí kò ní í bàjẹ́. Ohun tí ìmọ̀ yìí ń ṣe fún wa lónìí yàtọ̀ sí ìyẹn. Nínú agbo ilé wa, ojú ẹ̀gbọ́n lè lọ, kí ti àbúrò tẹ̀lé e, kí ìdílé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ń ṣe wọ́n. Wọ́n á wo ìyàwó bàbá, wọ́n á wo aládùúgbò. Mo ti rí i tí irú ìfura bẹ́ẹ̀ pín ilé sí méjì. Igi kan náà ni wọ́n ti gé wọn. Ọ̀tá kankan kò sí níbẹ̀. Bí ìyá, bàbá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ẹni bá ní glaucoma, ewu tiwa náà ti ga ju ti ẹlòmíràn lọ, ilé ìwòsàn sì ni ọ̀nà, kí a tó pé ọmọ ogójì ọdún pàápàá.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìtọ́jú. Oògùn tí àwọn Òyìnbó kọ́kọ́ rí lò fún glaucoma, agbègbè wa níbí ló ti wá. Ẹ̀wà kan ni, nílẹ̀ Kàlàbá, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́: bí ó bá bì í, ó bọ́, bí kò bá bì í, ó kú. Wọ́n gbé e dé Edinburgh, Thomas Fraser sì rí i níbẹ̀ ní 1862 pé oje rẹ̀ ń mú kí ihò dúdú àárín ojú sún kì. Ní 1876, Ludwig Laqueur, dókítà ojú kan ní Strasbourg tí glaucoma ń bá òun alára jà, fi í tọ́jú àìsàn náà. Bí oje náà ṣe ń mú kí ihò dúdú sún kì, ó tún ń fa asẹ́ ojú ṣí, omi sì ń rọ́nà. Májèlé tí wọ́n fi ń dájọ́ ikú ló wá di ohun tí wọ́n fi ń gba ojú là.

Láti ìgbà náà, inú ìgò ni ọ̀pọ̀ ìtọ́jú wà. Timolol dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1978. Ìsun ló ń mú dẹwọ́, bí ìgbà tí a dín ẹ̀gẹ́ tí à ń rọ sínú àpò kù. Latanoprost tẹ̀ lé e ní 1996, òun ń la ọ̀nà mìíràn fún omi láti gbà jáde. Oògùn tó dára ni wọ́n, wọ́n ti pa ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó ń lò wọ́n gbé wọn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ìgò ṣe ń rí nínú ilé wa. Ojoojúmọ́ ni a gbọ́dọ̀ kán an, òmíràn lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, títí ayé. Àìsàn náà kò dun ènìyàn, oògùn náà kò sì jẹ́ kó mọ̀ pé ara òun yá sí i. Nígbà mìíràn ó tún ń ta á lójú. Ta ni yóò máa ra ohun tó ń ta á lójú fún ohun tí kò dùn ún? Ọwọ́ àgbàlagbà ń gbọ̀n, ìdajì oògùn ń dà sẹ́rẹ̀kẹ́. Owó ọ̀sẹ̀ kan tó yẹ kó lọ sí kẹ́mísì á bá owó ilé-ìwé ọmọ-ọmọ lọ. Latanoprost tí a kò tíì ṣí nílò fíríìjì, gbogbo wa la sì mọ bí iná mànàmáná ṣe rí. Timolol kò yẹ ẹni tó ní ikọ́ fée (asthma). Bí ìyá bá wá pa oògùn jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní í rí ìyàtọ̀ kankan lójú rẹ̀, á sì gbà pé kò sí ohun tó bàjẹ́. Àwọn dókítà a máa bínú sí irú ìyá bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá wọn bínú. Ohun tí ìgò ń béèrè pọ̀ ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé lè gbé lọ.

Ẹ padà síbi àpò wa. Bí omi bá kọ̀ tí kò jáde, ohun mẹ́ta ni ìyá onígààrí lè ṣe. Ó lè dín ohun tó ń rọ sínú rẹ̀ kù. Iṣẹ́ timolol nìyẹn. Ó lè dá àpò lu níbòmíràn kí omi gba ibẹ̀. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn, irú èyí tí Cairns gbé jáde ní Cambridge ní 1968, tí wọ́n ṣì ń ṣe dòní fún ojú tó ti le gan-an. Tàbí kó wá bí yóò ṣe la ihò àpò náà fúnra rẹ̀ padà, láìfa àpò ya. Ẹ̀kẹta yìí ni iná lésà.

Irú lésà tí wọ́n lò fún un ní 1979 ń jó asẹ́ ojú. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń dá àpá sí i, bí ìgbà tí a fi irin gbígbóná tọ́ àpò. Àpò tí irin gbígbóná ti tọ́ kiri kì í pẹ́ gbó. Ní 1995 ni Mark Latina, dókítà ojú kan lágbègbè Boston, fi òmíràn hàn. Iná rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìgbà tó sì fi ń tàn kúrú ju ohun tí ọkàn lè rò lọ: ẹ pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, kí ẹ mú mẹ́ta níbẹ̀. Ẹ ti rí ìyá tó ń yan gààrí, bó ṣe máa ń fi ìka kan agbada wò bóyá ó ti gbóná: kí ooru tó ràn, ìka ti kúrò. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná yìí ṣe ń kan asẹ́ ojú. Sẹ́ẹ̀lì tó ní àwọ̀ dúdú nínú nìkan ló ń gbà á. Kí ooru tó ràn dé ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀, iná ti kú. Àwọn onímọ̀ gbà pé sẹ́ẹ̀lì tí iná bá kàn a máa ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbálẹ̀ nínú ara wa, àwọn wọ̀nyí á wá palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́ nínú asẹ́, omi á sì tún rọ́nà.

Ẹni tí wọ́n ń ṣe é fún á jókòó, á gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, wọ́n á kán oògùn tí kò ní í jẹ́ kó dùn ún, wọ́n á gbé gíláàsì kékeré kan lé ojú rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló ń gbà. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí bẹ́ẹ̀dì, ọjọ́ náà ló ń padà sílé. Ojú lè pupa díẹ̀ tàbí kó ṣe bàìbàì fún ìgbà díẹ̀, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sì ni kí wọ́n tó mọ bí ìfúnpá ṣe lọ sílẹ̀ sí.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀bú fi ṣe ilé, Gus Gazzard ti Moorfields Eye Hospital àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àwọn ènìyàn 718 jọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú àwọn kan pẹ̀lú ìgò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti àwọn kan pẹ̀lú iná. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2019: lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú ọgọ́rùn-ún tó gba iná, 74 kò nílò oògùn kíkán kankan, ìfúnpá ojú wọn sì wà níbi tí dókítà fẹ́. Ní 2022, NICE, àjọ tó ń la ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún àwọn dókítà England, ní kí wọ́n máa fi iná náà ṣáájú oògùn fún ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lára wọn.

Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe Ìjẹ̀bú. Àwa a máa pẹ́ kí a tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, àìsàn náà sì ń le lára wa jù. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ka ìwádìí Moshi sí ju ti Lọ́ńdọ̀nù lọ. Moshi jẹ́ ìlú kan ní Tanzania, lẹ́sẹ̀ òkè Kilimanjaro. Ojú àwọn aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni Heiko Philippin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú níbẹ̀, nǹkan bí igba ènìyàn, ìfúnpá ojú wọn sì ga. Wọ́n fún àwọn kan ní timolol ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n tan iná sí ojú àwọn yòókù. Nígbà tí ọdún kan pé, nínú ọgọ́rùn-ún ojú tó ń gba timolol, 31 ni ìtọ́jú náà kẹ́sẹ járí fún. Nínú ọgọ́rùn-ún tó gba iná, 61. Ọdún 2021 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ìlọ́po méjì ni, nílẹ̀ Áfíríkà, níbi tí ọ̀nà ilé ìwòsàn jìn, tí owó oògùn sì ń wọ́n ènìyàn. Ohun tó fà á kò ṣòroó rí. Ìgò ń dúró de ọwọ́ tó máa gbé e. Iná ti ṣe tirẹ̀ kí ènìyàn tó dìde lórí àga.

Síbẹ̀, nínú ọgọ́rùn-ún ojú tó gba iná ní Moshi, 39 ló ṣì nílò nǹkan mìíràn. Iná kì í ṣiṣẹ́ títí láé. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ asẹ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í dí, wọ́n sì lè tún un ṣe. Kò yẹ fún gbogbo ojú, nítorí àwọn kan wà tí ọ̀nà tó lọ sí asẹ́ wọn ti pa dé, tí iná kò lè rí ibi gbà. Ẹni tó bá gbà á kò sì gbọdọ̀ fi dókítà sílẹ̀: bí onígààrí ṣe ń padà wá wo àpò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa wọn ìfúnpá náà títí.

Àwọn nǹkan mìíràn ń bọ̀ lọ́nà. Ní 2017, Pete Williams àti Simon John fi hàn ní Amẹ́ríkà pé fítámì B3 púpọ̀ ń dáàbò bo òwú ojú eku. Wọ́n ti ń dán an wò lára ènìyàn báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ máa rà á gbé mì o, nítorí bí ó bá pọ̀ jù, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Ní Harvard, wọ́n ti mú kí eku tó ní irú àìsàn yìí tún ríran díẹ̀, ọdún 2020 nìyẹn, ṣùgbọ́n eku ṣì ni. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ẹ̀rọ lésà tuntun kan tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2023: kò fara kan ojú rárá, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá ibi tí asẹ́ wà, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló sì fi ń parí. Bí irú rẹ̀ bá wọ́pọ̀, kò ní í jẹ́ àwọn ògbógi díẹ̀ nìkan ni yóò lè ṣiṣẹ́ yìí.

Ẹ̀rọ lésà wọ́n. Kò sí baálé ilé tó lè dá a rà nítorí ojú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń dá ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ rà nítorí ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ nìkan? Ẹ̀rọ kan ni odindi abúlé ń lò. Olúkúlùkù á gbé bàsíà tirẹ̀ wá, á tò, á san owó díẹ̀, á gbé ẹ̀gẹ́ tó ti kúnná lọ. Bí a bá ní kí ilé kọ̀ọ̀kan máa fi ọwọ́ rin tirẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ la máa rí jẹ, ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ á sì rà sóko. Ohun tí a ń ṣe sí ojú àwọn ènìyàn wa nìyẹn, a pín ìgò fún wọn, a ní kí olúkúlùkù lọ máa jìjàdù tirẹ̀. Ẹ̀rọ iná lè jẹ́ ti gbogbo wa. Kò sì sí ibi tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń dáwó jọ ra ohun tí gbogbo ìlú yóò lò ju Ìjẹ̀bú lọ. Àwọn Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ wa, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tí a ń wo ẹwà wọn níbi ọdún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ń ṣe iṣẹ́ ìdàgbàsókè fún ìlú. Gbogbo ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí wọn ti kọjá ogójì, ojú ara wọn náà ni wọn yóò fi í tọ́jú. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ yìí kún ohun tí wọ́n máa jíròrò lé lórí, kí wọ́n bá àwọn dókítà ojú sọ̀rọ̀ nípa ibi tó yẹ kó wà, ẹni tí yóò máa lò ó, àti bí wọn yóò ṣe máa tún un ṣe, nítorí ẹ̀rọ tí kò ní olùtọ́jú kì í pẹ́ di pálapàla.

Kó tó dé, àyẹ̀wò wà nítòsí. Ilé ìwòsàn ojú ti Eye Foundation wà ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ wà ní Ṣàgámù, UCH sì wà ní Ìbàdàn. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kíka lẹ́tà ara ògiri nìkan dá yín padà. Lẹ́tà ara ògiri, àárín aṣọ nìkan ló ń wò. Ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú, kí wọ́n tan iná wo orí iṣan tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ ìríran ẹ̀gbẹ́ wò pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ẹ máa jókòó sí, tí ẹ máa tẹ bọ́tìnì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá rí iná kékeré kan. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, pàápàá oògùn ojú tí wọ́n fún yín ní kẹ́mísì fún ojú yíyún. Àwọn kan nínú wọn ní steroid nínú, bíi dexamethasone àti betamethasone. Bí ènìyàn bá ń kán wọn fún ìgbà pípẹ́, wọ́n lè gbé ìfúnpá ojú sókè, kí wọ́n sì fa glaucoma fún ẹni tí kò ní i tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n bá rí i lójú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá asẹ́ ojú yín jẹ́ irú èyí tí iná lè là, àti ibi tó sún mọ́ jù tí ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Kí ẹ sì pe àwọn ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá yín lórí fóònù, títí kan àwọn tó wà ní Èkó àti ní Lọ́ńdọ̀nù, kí wọ́n lọ yẹ tiwọn náà wò lọ́sẹ̀ yẹn.